Pósítà Tí Ṣìkẹ́mi Tẹ̀

“Gbà, Ṣìkẹ́mi. Ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè kí n gbọ́.”

Ṣìkẹ́mi gba ìwé tí oníbàárà náà mú wá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì kà á. Onílé kan ní Amùkòkò ló fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ pósítà pé olè ni ayálégbé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nílé òun, kí gbogbo àdúgbò ṣọ́ra fún un. Orúkọ ọkùnrin náà wà níbẹ̀ gàdàgbà.

“Ilé ẹjọ́ wo ló dá a lẹ́bi?” Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, bàbá Ṣìkẹ́mi, ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ilé ẹjọ́ kẹ̀? Ṣé èmi tí mo nilé kọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ ni?”

“Ẹ má bínú, sà. A ò lè tẹ̀ ẹ́.”

Onílé náà pòṣé, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì jáde. Ṣìkẹ́mi ń wo bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì wà ní SS2. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni ó ti máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ tí ilé ìwé bá ti parí. Ó mọ kọ̀ǹpútà lò ju bàbá rẹ̀ lọ, kò sì sí iṣẹ́ tí kò lè dá tẹ̀.

“Dádì, tí a ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́ fún wọn.”

“Kó tẹ̀ ẹ́.” Bàbá rẹ̀ ń fi àkísà nu tàdáwà kúrò lọ́wọ́. “Nígbà tí bàbá mi kọ́ṣẹ́ yìí, kò sí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà onírin ni wọ́n ń fọwọ́ ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tò ó tira wọn. Kí o tó to orúkọ èèyàn kan tán, wàá ti ráyè ro ohun tí o fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajíhìnrere gbé wá sí Abẹ́òkúta tí wọ́n fi tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí Èkó náà fi ní tirẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọn ò lè rí gómìnà òyìnbó bá sọ̀rọ̀, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń sọ tẹnu wọn fún un, tí òyìnbó sì ń gbọ́. Ìtẹ̀wé ló sọ mẹ̀kúnnù di ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀.”

“Ohun tó dáa ni nígbà náà.”

“Ó dáa. Ohun tó jẹ́ kó léwu náà nìyẹn. Tí mo bá fẹnu sọ pé olè ni ẹnì kan, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé, kò sẹ́ni tó máa béèrè mọ́.”

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tega sọnù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tega, àbúrò Ejiroghene, ọ̀rẹ́ Ṣìkẹ́mi tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní kíláàsì. Ọmọ náà jáde láàárọ̀ pé òun fẹ́ lọ ṣeré ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn tírélà máa ń páàkì sí, kò sì padà wálé. Wọ́n wá a dé etí omi, wọ́n wá a dé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ìyá rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ pé ọ̀dọ̀ Linus ni òun ti rí ọmọ náà gbẹ̀yìn. Linus ni ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Marine Beach. Akólòlò ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, ẹnu rẹ̀ á há pátápátá, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọdé, ó sì máa ń gbẹ́ ọkọ̀ igi kéékèèké fún wọn. Àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, wọ́n sì tú u sílẹ̀ nítorí pé wọn ò rí ẹ̀rí kankan.

Ìtúsílẹ̀ yẹn ló bí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò nínú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran lọ ra pépà ní Ṣómólú. Ṣìkẹ́mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Ejiroghene wọlé, ojú rẹ̀ wú. Hussein tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́kùnrin kan tí àwọn ọmọ àdúgbò kà sí ọ̀gá wọn.

“Ṣìkẹ́, bá wa tẹ pósítà,” Ejiroghene bẹ̀ ẹ́.

“Ti Tega? Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Fún mi ní fọ́tò rẹ̀.” Ṣìkẹ́mi ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Hussein na fóònù sí i. “Fọ́tò ọkùnrin yẹn náà nìyí. Fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ náà.”

Ọwọ́ Ṣìkẹ́mi dúró. “Bàbá mi ò ní gbà.”

“Ṣé bàbá ẹ wà níbí ni?”

Ṣìkẹ́mi ronú díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà pé: ỌKÙNRIN YÌÍ NI WỌ́N RÍ PẸ̀LÚ ỌMỌ NÁÀ GBẸ̀YÌN. Hussein bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á, ó sì mi orí.

“Ta ló máa dúró ka ìyẹn? Kọ ‘ajínigbé’ síbẹ̀. Kọ ọ́ gàdàgbà.”

“A ò tíì mọ̀ bóyá òun ni o.”

“Tí kì í bá ṣe òun, kí ló dé tí kò lè sọ̀rọ̀?”

“Akólòlò ni, Hussein. Gbogbo ayé ló mọ̀.”

Ejiroghene bú sẹ́kún. “Nítorí pé kì í ṣe àbúrò tìẹ ni! Tó bá jẹ́ tìẹ ni, o ò ní jókòó síbẹ̀ kó o máa ṣe lọ́yà fún un. Mo ti rò pé ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣìkẹ́mi lára. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó pa gbólóhùn tó kọ́kọ́ kọ rẹ́, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: AJÍNIGBÉ NI ỌKÙNRIN YÌÍ. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ló rí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn nísàlẹ̀ ìwé náà. Bàbá rẹ̀ kì í tẹ ohunkóhun láìfi orúkọ yẹn sí i. Ṣìkẹ́mi pa á rẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dáa. Síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ pósítà jáde, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ó fi di òkìtì.

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, òpó iná àti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ṣìkẹ́mi ń palẹ̀ mọ́ láti ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tó rí i tí àwọn èèyàn ń sáré kọjá lọ sí apá Marine Beach. Ó sáré tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tó máa débẹ̀, wọ́n ti fi Linus sáàárín. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó ń na ọwọ́ sí pósítà tí ọkùnrin kan gbé dání, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju “mi-mi-mi” lọ.

“Na him! Na him be dis!” obìnrin kan ń pariwo.

Bàbá àgbàlagbà kan gbìyànjú láti dá wọn dúró. “Ẹ fara balẹ̀! Ta ló sọ pé òun ló gbé ọmọ?”

“Ẹ ò mọ̀wé kà ni, bàbá? Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbí! Ṣé ìwé á máa parọ́ ni?”

Wọ́n tún la igi mọ́ Linus. Ṣìkẹ́mi la ẹnu láti pariwo pé irọ́ ni, pé òun lòun tẹ̀ ẹ́, pé òun ò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin náà. Ẹ̀rù bà á. Kò sọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí Harriet, ọmọbìnrin Linus, fi dé pẹ̀lú àwọn apẹja tí wọ́n já wọ àárín èrò, tí wọ́n sì gbé Linus sínú ọkọ̀ ojú omi kan lọ sí ilé ìwòsàn.

Linus kú lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ìpè wọlé láti Ṣàgámù. Tega wà ní àgọ́ ọlọ́pàá níbẹ̀, láìfarapa. Ó gun ẹ̀yìn tírélà kan láti ṣeré, ó sùn lọ sábẹ́ tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù, awakọ̀ kò sì mọ̀ títí ó fi rìn jìnnà. Ọmọ náà ò mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí wọ́n tó mọ ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń sunkún. Kò sẹ́ni tó lu ìlù ayọ̀ ní àdúgbò lọ́jọ́ náà. Olúkúlùkù ń yẹra fún ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé ìtẹ̀wé kiri. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tẹ́ pósítà náà sórí tábìlì.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ èyí, bàbá?”

Bàbá Ṣìkẹ́mi gbé e, ó yí i wò. “Rárá, màdáámù. A kì í tẹ irú èyí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ wa ò sí níbẹ̀. Èmi àti ọmọ mi yìí nìkan la ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì lè fi orí mi dúró fún un.”

Ṣìkẹ́mi gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ó kúnlẹ̀.

“Dádì, èmi ni. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

Bàbá rẹ̀ ò lù ú, kò sì pariwo mọ́ ọn. Ó kàn rọra jókòó bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀. Ìyẹn dun Ṣìkẹ́mi ju ẹgba lọ.

Wọ́n mú Hussein àti àwọn mélòó kan tí wọ́n lu Linus, ẹjọ́ wọn ṣì wà ní kóòtù di òní. Nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, kóòtù àwọn ọmọdé fi Ṣìkẹ́mi sábẹ́ àmójútó òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì pàdánù sáà ilé ìwé kan gbáko. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ò lè tẹ̀wé mọ́. Ní Kirikiri, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, ló ti ń ṣọ́ ẹrù báyìí. Ejiroghene kó kúrò lórí bẹ́ǹṣì Ṣìkẹ́mi. Wọn ò bá ara wọn jà, wọn ò sì lè wo ara wọn lójú.

Lọ́jọ́ kan, Ṣìkẹ́mi gbé omi àti ọ̀bẹ, ó ń lọ láti òpó dé òpó, ó ń ha pósítà náà kúrò. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan ń wò ó.

“Ti ajínigbé yẹn lò ń ya?”

“Kì í ṣe ajínigbé, mà. Wọ́n ti rí ọmọ náà.”

“Mo gbọ́.” Obìnrin náà gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ sórí. “Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè tẹ fọ́tò èèyàn síta báyẹn, ó ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe.”

Ó lọ. Ṣìkẹ́mi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì sunkún.

Láti ibẹ̀ ló gba Marine Beach lọ. Ó bá Harriet níbi tó ti ń sá ẹja, ó sì kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Harriet ò ní kó dìde.

“Ẹ̀bẹ̀ ò lè jí bàbá mi,” ó wí níkẹyìn. “Mi ò tíì lè dárí jì ẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá màá lè ṣe é láé. Ṣùgbọ́n o lẹ́nu, ìwọ. Ọ̀rọ̀ ò há sí ẹ lọ́nà ọ̀fun. Ibi gbogbo tí ìwé rẹ dé, lọ sọ fún wọn pé irọ́ lo tẹ̀.”

Ohun tí Ṣìkẹ́mi ń ṣe nìyẹn. Olùkọ́ àgbà gbà á láyè láti sọ̀rọ̀ ní àpéjọ òwúrọ̀ ní ilé ìwé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ sí àwọn ilé ìwé mìíràn ní Ajégúnlẹ̀. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Ní ibì kan, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè.

“Nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ṣé ẹ gbà pé òótọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀,” ni Ṣìkẹ́mi dá a lóhùn. “Mi ò sì béèrè. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi má bínú sí mi.”

Ọmọkùnrin náà jókòó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó dé láti Ṣàgámù, irọ́ ti pa Linus. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló wà níwájú yín, ì báà jẹ́ fóònù ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi orúkọ ọmọ ẹlòmíràn síta lórí ohun tí ẹ ò rí, nítorí pé ọ̀rẹ́ ń bínú tàbí nítorí pé èrò ń pariwo. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ tó bínú lónìí lè rẹ́rìn-ín lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kú ò ní padà wá gbọ́ pé a ti ṣàtúnṣe irọ́ tí a pa mọ́ ọn.