Iye Tí Wọ́n Fi Lé Ilé Bàbá Bísọ́lá

Ọkùnrin kan lóṣòó sí ẹsẹ̀ ògiri ilé àwọn Adébísọ́lá ní Ifákò, ó ti ju táì rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, ó ń fi ìka tọ ibi tí ògiri ti sán bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Adébísọ́lá, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, dúró lé e lórí.

“Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé owó yín ló bọ́ sínú ògiri wa ni?”

Ọkùnrin náà ta gìrì dìde, ó sì fi orí gbá fèrèsé.

“Ìpìlẹ̀ ni mò ń wò, àǹtí.”

“Ẹ máa wò ó jẹ́jẹ́. Fèrèsé ò sí lára ìpìlẹ̀.”

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀rín yẹn ló pa ọkùnrin náà, Fọlábí lorúkọ rẹ̀. Téèpù tó fi ń wọn ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ yàrá tó ti wọ̀n àti èyí tó kù mọ́.

Ayé ìjọba ológun ni, nígbà tí ojú àwọn ará Ìkẹjà ń rí màbo lọ́wọ́ Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Bàbá Adésànyà, bàbá Bísọ́lá, ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Ó wá pinnu pé òun á ta ilé òun, òun á fi owó rẹ̀ dá sọ́míìlì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú, sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tó ń díye lé ilé ní Ìkẹjà, wọ́n sì rán Fọlábí sí i. Lásìkò yẹn, náírà ń já wálẹ̀, símẹ́ǹtì ń gun òkè, àwọn ará Ọmọ́lẹ̀ ń pe mílíọ̀nù bí ẹni ń pe owó ẹ̀pà. Ẹni tó bá ti ní ògiri mẹ́rin, wúrà ló rò pé òun jókòó lé.

Fọlábí wọn ilé tán, ó ní, “Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà ni, sà. Àwọn ilé iṣẹ́ ń kógbá sílé, àwọn ayálégbé ń kó lọ. Ibi tí agbára ilé yìí mọ nìyẹn.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ló wà lọ́kàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú rárá. Lójú Bàbá, ta ló ń wá sọ́jà tó máa kọ́kọ́ pe iye tó fẹ́ san? Ó gbà pé ọmọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ni.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Lọ rò ó wá.”

Fọlábí padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ó tún wá ní Sátidé kejì, àti ní gbogbo Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bísọ́lá ló ń wá wò, Bàbá sì rò pé ó wá fi kún owó ni.

“Kí lo tún rí sí i?” Bàbá á bi í.

“Bákan náà ni, sà.”

“Ó dáa. Bísọ́lá, fún un lómi mu.”

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe ń dàgbà níṣojú Bàbá, tí kò sì rí i. Wọ́n á jọ rìn gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Fágbà, wọ́n á ra bọ̀ọ̀lì, Fọlábí á sì gbàgbé láti jẹ tirẹ̀.

“Kí lò ń wò lójú mi bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Mò ń wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mi ò tíì rí i.”

“Ẹlẹ́nu dídùn! Jẹ bọ̀ọ̀lì ẹ.”

“Ayọ̀ mi, màá bá Bàbá sọ̀rọ̀ o.”

Ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Bàbá la ẹnu sílẹ̀.

“Àṣé kì í ṣe ilé lò ń wá wò!” Ó ronú díẹ̀. “Kò burú. Kọ ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún sínú ìwé iye ilé tó o máa fún mi, kí o sì wá fẹ́ ọmọ.”

“Bàbá, ẹ máà bínú, mi ò lè kọ ọ́, sà. Ẹni tó bá gba ìwé yẹn gbọ́ ló máa jẹ gbèsè.”

Ojú Bàbá yí padà. “Ẹni tí kò lè fi kọ́bọ̀ kún ilé mi, kí ló fẹ́ fi kún ayé ọmọ mi? Má tẹsẹ̀ bọ ibí mọ́!”

Bísọ́lá lé e bá lẹ́nu ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Fọlábí, nítorí iye kan péré? Kọ ọ́ fún wọn, jàre!”

“Bísọ́ mi, tí mo bá lè purọ́ fún bàbá ẹ nípa ilé wọn, kí lo máa fi gbà mí gbọ́ nínú ilé tiwa?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Bísọ́lá wọ egungun, ó sì tún wá fẹ́ràn ọkùnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ra ilé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá Bísọ́lá níbi iṣẹ́, Madam Stella, ní kó bá òun wá ilé rà ní Ifákò. Bísọ́lá mọ ọ̀kan: ilé Tíṣà Ọlọ́runníyì, ará Èkìtì, ní òpópónà kejì, tí òun náà fẹ́ ta ilé rẹ̀. Bíríkìlà kan náà ló kọ́ ilé yẹn àti tiwọn, yàrá fún yàrá. Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn.

“Bàbá, ọ̀gá mi fẹ́ ra ilé Tíṣà, ẹ wá bá wa ná an. Ní gbogbo Ifákò, kò sẹ́ni tó mọ ọjà ná tó yín.”

Bàbá ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó de fìlà, ó ṣíwájú Bísọ́lá àti Madam Stella. Tíṣà Ọlọ́runníyì pe ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà.

“Fún kín ni?” Bàbá lọgun. “Tíṣà, ẹ wo ògiri yín, ó ti sán! Páànù ń jò. Kànga á gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Àwọn ayálégbé dà? Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé, ta lẹ fẹ́ kó yá a? Àádọ́talérúgba ẹgbẹ̀rún!”

“Bàbá,” Bísọ́lá rọra bi wọ́n, “ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná an ni, àbí ibi tẹ́ ẹ máa dé nìyẹn?”

“Ibi tí mo dé nìyẹn! Mi ò ní fi kọ́bọ̀ lé e, ká tiẹ̀ sùn síbí.”

Tíṣà kọ̀, wọ́n jáde. Bàbá ń yan lọ, inú rẹ̀ ń dùn sí ara rẹ̀, títí ó fi dé iwájú ilé tirẹ̀. Ó wo ògiri. Ó wo páànù. Ó wá wo ọmọ rẹ̀, tó ń wo ilẹ̀.

“Bísọ́lá.”

“Sà.”

“Ọmọkùnrin yẹn… ọ̀ọ́dúnrún ló pe tiwa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Àṣé ọmọ yẹn tiẹ̀ ṣàánú mi! Lọ pè é wá.”

Bísọ́lá ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré lọ sí Ìkẹjà, ó bá Fọlábí ní ọ́fíìsì, ó sì dì mọ́ ọn níṣojú gbogbo ènìyàn. Ilé Bàbá ni Madam Stella padà fẹ́ rà. Ó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nílé Tíṣà já owó rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Fọlábí tó kọ iye náà kò gbọ̀jẹ̀gẹ́, ó san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún pé.

Wọ́n ṣe ìdána kí Bàbá tó kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Fọlábí dọ̀bálẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé owó orí kalẹ̀. Bàbá mú owó náà dání, kò kà á.

“Fọlábí, ìwọ tí kì í purọ́. Èló ni ọmọ mi?”

Fọlábí gbé ojú sókè láti orí ìdọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, kò níye, sà.”

“Ẹ gbọ́ o!” Bàbá kọjú sí àwọn àlejò. “Ọjọ́ òní ni ọmọ yìí kọ́kọ́ pe iye tó tẹ́ mi lọ́rùn.”

Ó dá owó náà padà fún wọn. “Ilé ni mo tà, n ò ta ọmọ. Dìde, ọkọ ọmọ mi.”

Bísọ́lá mí kanlẹ̀, ó sì lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀.