Orin Munirah Tó Di Orin Ìyàwó

Abdulmuiz tú kásẹ́ẹ̀tì náà palẹ̀ sórí aṣọ funfun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ń pa ohùn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e wá jókòó níwájú rẹ̀, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. Wàásù bàbá bàbá rẹ̀ ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn.

"Bọ̀ọ̀dá, tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́, ẹ tètè sá kúrò ní Ìlọrin kí n tó délé," ó wí.

Abdulmuiz rẹ́rìn-ín. Ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn án: tìmùtìmù tín-ín-tín tó máa ń ti téèpù mọ́ ojú ẹ̀rọ ti jẹrà. Ó gé òmíràn bí i rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú ẹ̀rọ, ó rọra ń yí nọ́ọ̀tì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹ̀rọ náà, títí ohùn tó ń kùn bí oyin fi là.

Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ó ní òun kò gbọ́ ohùn bàbá àgbà náà rí, wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí òun.

Munirah lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àfáà Sàlíhù tó ní ilé kéú nítòsí Ọjà-Ọba. Abdulmuiz ní tirẹ̀ ní sítúdíò oníyàrá kan ní àdúgbò Basin, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó sì ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ti kú ló ń tú, tó ń tò padà, títí ó fi mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló gé, tó fi bo ara ògiri, kí ohùn má baà máa ta padà.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé wọn, Munirah sì ń kó wọn wá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e wá mọ́, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá" di "Muiz", "ẹ" di "o". Munirah fẹ́ràn sùúrù ọwọ́ rẹ̀. Abdulmuiz náà fẹ́ràn ẹnu rẹ̀ tí kì í dákẹ́ àti ẹ̀rín rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀tàn.

Abdulmuiz kọ orin kan fún un. Jìtá kan ṣoṣo ló fi sí i. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó tún gba òmíràn lé e lórí, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé èèyàn méjì ló jọ ń kọ ọ́:

*Má tilẹ̀kùn, olólùfẹ́, mo ń bọ̀ lọ́nà,*
*Bí ẹsẹ̀ mi bá pẹ́, ọkàn mi ti dé ṣáájú.*

Munirah gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. "Mi ò ní tì í," ó wí níkẹyìn, "mi ò ní tì í láé, olówó orí mi."

Abdulmuiz gbé orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, bóyá ni ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Kò dùn ún. Ẹni tó kọ ọ́ fún ti gbọ́.

Ó wá lọ kí Àfáà Sàlíhù nítorí ọ̀rọ̀ Munirah. Àfáà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún un, ó sì bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà," ó wí. "Àmọ́ kí ni n ó sọ fún àwọn àfáà ẹgbẹ́ mi? Pé olórin ìfẹ́ ni mo fọmọ fún? Orin tí ò lè wọ ilé kéú, ẹni tó ń kọ ọ́ ò lè fẹ́ ọmọ ilé kéú."

Ó ní kó má pe Munirah mọ́, kó má sì jẹ́ kó wá sí sítúdíò, títí tí yóò fi ní nǹkan gidi tó lè gbé wá síwájú òun. Abdulmuiz ṣèlérí. Ó gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Àfáà kò gbọdọ̀ da ọ̀rọ̀ Àfáà nù.

Ní Ìlọrin, kì í pẹ́ tí ohùn orin ìfẹ́ fi ń di wákà. Àwọn obìnrin olórin á bọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n á wọ ọ̀rọ̀ àdúà fún un. Abdulmuiz ronú sí èyí, inú rẹ̀ sì dùn. Bí orin òun kò bá lè wọ ilé kéú, òun á pààrọ̀ aṣọ fún un. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Alhaja Sakinah, olórin wákà tí wọ́n máa ń pè sí wòlímọ̀, níbi tí ìyàwó ti máa ń ka Kùránì kó tó lọ sílé ọkọ.

Alhaja gbọ́ ọ, ó bú sẹ́rìn-ín. "Muiz, ọmọ ta ló fẹ́ pa ẹ́ báyìí?"

Kò dárúkọ ẹnì kankan. Alhaja ní orin náà ti pọ̀ jù fún ẹnì kan, kó fún òun kí òun fi máa gbé ìyàwó. Ó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i:

*Ṣílẹ̀kùn, ìyá ọkọ, ìyàwó ń bọ̀ lọ́nà,*
*Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pẹ́, àdúà ti dé ṣáájú.*
*Ìyàwó, má bojú wẹ̀yìn mọ́.*

Abdulmuiz yọ jìtá kúrò, ó fi àtẹ́wọ́ àti ohùn àwọn obìnrin elégbè rọ́pò rẹ̀. Ó dẹ ìyára rẹ̀ kí àwọn ìyá àgbà lè máa bá a lọ. Ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, ojú Àfáà ló ń rò.

Orin náà gba ìlú. Kò sí wòlímọ̀ tí wọn ò ti kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, Abdulmuiz ń kọ "Má tilẹ̀kùn" jẹ́jẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ọ̀fà Garage. Oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ. 'Ṣílẹ̀kùn' ni. Ẹ má ba orin Alhaja jẹ́."

Abdulmuiz rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ náà ló bẹ Láwàl, àbúrò bàbá rẹ̀, pé kó bá òun lọ sọ́dọ̀ Àfáà. Láwàl ní kó jẹ́ kí Jímọ̀ dé.

Jímọ̀ kò tíì dé tí Alhaja fi pè é síṣẹ́: wòlímọ̀ kan nítòsí Ọjà-Ọba, kó kó sípíkà wá. Kò mọ ilé ẹni tí wọ́n ń lọ, àfi ìgbà tí ọkọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà Àfáà Sàlíhù. Ó bi obìnrin kan tó ń tẹ́ ẹní pé ta ni ìyàwó. Obìnrin náà ní Munirah ni. Wọ́n ti so yìgì rẹ̀ láàárọ̀, Abdulmumini, ọmọ ọ̀rẹ́ Àfáà, ló fẹ́ ẹ.

Abdulmuiz so wáyà sípíkà, ó tú u, ó tún un so. Wọ́n ní kó lọ gbé máìkì síwájú ìyàwó.

Munirah jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun, Kùránì níwájú rẹ̀. Abdulmuiz kúnlẹ̀. Kò tíì tan máìkì.

"Munirah."

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀ọ̀dá."

"Ta ló ní kí o gbà?"

"Ìwọ ni." Ó ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo mọ orin mi, mo sì mọ ọwọ́ ẹ nínú ẹ̀. O ní kí ìyá ọkọ ṣílẹ̀kùn fún mi. O ní n má bojú wẹ̀yìn mọ́. Mo sunkún títí. Nígbà tí Bàbá tún bi mí nípa Abdulmumini, mo ní ó dáa."

"Bàbá ẹ ni mo fi orin yẹn ń bẹ̀. Mo fẹ́ kó lè wọ ilé kéú. Nítorí ẹ ni."

Munirah wò ó. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní pè ẹ́."

"O sì mú un ṣẹ." Omijé ti kún ojú rẹ̀. "Wọ́n ti so yìgì, Muiz. Tan máìkì. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Ó tan án. Munirah bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Abdulmuiz padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rọra gbé ohùn náà sókè níbi tó ti fẹ́ rì, ó rọra rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti fẹ́ ya. Kò ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó kà á tán, Alhaja Sakinah gba máìkì. Gbogbo agbo gbe orin náà. Nígbà tí wọ́n dé "má bojú wẹ̀yìn mọ́", Munirah gbójú sókè, ó wo ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó sì fi ìbòrí bojú. Àwọn obìnrin ní ẹkún ìyàwó ni, ó dára kó sun ún.

Ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí Abdulmuiz jẹun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó ba iṣẹ́ jẹ́. Ó fọ ariwo kúrò lára ohùn tó gbà sílẹ̀, láti Bísímílà títí dé àmín ìkẹyìn, ó sì gbé e tọ Àfáà lọ. Àfáà dijú, ó gbọ́ kíkà ọmọ rẹ̀ dé òpin. Ó ní kò sí wòlímọ̀ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó mọ́ tó báyìí rí. Ó gbé ọwọ́ lé Abdulmuiz lórí.

"Ọlọ́run á san ẹ́ lẹ́san," ó wí. "Á fún ẹ ní aya bí i Munirah."

Abdulmuiz tẹrí ba, ó ní àmín.