Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún

"Bá mi gbé e kọ́." Fótò bọ́ okùn ọrùn rẹ̀, ó sì na nọ́ńbà onígi náà sí mi. Kẹtàdínlógún ni. "Àwòrán kan péré ló kù, nídìí omi tó ń já láti orí àpáta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti dé."

Torí àwòrán yíyà la ṣe ń pè é ní Fótò. Inú ti ń bí mi sí i, nítorí mo mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn wà fún ju gbogbo kíláàsì wa lọ. Bàbá mi ni ẹ̀ṣọ́ géètì igbó ìjọba tí kíláàsì wa wá wò lọ́jọ́ náà, àwọn ni wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ gbogbo nọ́ńbà náà. Ẹni tó bá ń wọlé á fi ọ̀kan sọ́rùn. Tó bá ń jáde, á fi í kọ́ ìṣó rẹ̀ padà lára pátákó. Bí ìṣó kan bá ṣófo, èèyàn ṣì wà nínú igbó nìyẹn, géètì kò sì gbọdọ̀ tì.

"Tíṣà ti ní ká máa bọ̀," ni mo wí.

"Wo ọmọ ẹ̀ṣọ́ bó ṣe ń ṣojo. Àbí bàbá rẹ ló ni igbó?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi. Mo gbà á.

Mo kọ́ tèmi, mo kọ́ tirẹ̀. Bàámi wo pátákó, wọ́n wo èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó pé, tíṣà. Ẹ máa lọ." Wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti géètì. Bọ́ọ̀sì méjì la gbé wá, tíṣà sì rò pé Fótò wà nínú èkejì.

Òjò bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì ṣí, Fótò kò dé. Mo pa ẹnu mọ́. Òpònú ni mí. Ẹ̀rù ìtìjú bà mí ju ẹ̀rù pé ọmọ ọlọ́mọ lè kú lọ. A ti dé ìdajì ọ̀nà kí n tó lè sọ ọ́.

"Tíṣà, Fótò ṣì wà nínú igbó."

A yí padà. Bàámi mú okùn àti àdá, wọ́n sáré wọ inú òjò. Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó pọn Fótò jáde. Omi ti kún yí àpáta tó sá gùn ká; ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, ẹ̀gún sì ti ya Bàámi lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà igbó ìjọba pe èmi, Bàámi, Fótò àti tíṣà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Mo dá nọ́ńbà mi padà, mo wá lọ tọ̀ nítòsí," Fótò wí, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tì í. "Ẹ̀ṣọ́ ló ti géètì mọ́ mi."

Ọ̀gá wo ìwé tí Bàámi fọwọ́ sí. "Bàbá, ẹ lọ jókòó sílé. Ẹ ò ní padà síbí."

Bàámi ṣí fìlà. Inú bí mi gidigidi. Mo fẹ́ gbá Fótò létí. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ nọ́ńbà náà?

"Irọ́ ló ń pa, sà," ni mo wí. "Inú igbó ló wà nígbà tí mo bá a kọ́ ọ. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiwọn."

Wọ́n dá iṣẹ́ Bàámi padà fún wọn. Ilé ìwé lé èmi àti Fótò sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Mo ti jẹ tèmi.

"Iṣẹ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù kọ́ ló ń bí mi nínú," Bàámi sọ fún mi nílé, ohùn wọn le. "Mi ò ka orí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Mo gba pátákó gbọ́, torí pé ọmọ mi ló dúró tì í."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé irọ́ rẹ̀ kọ́, bó ti wù kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín tó. Ẹ̀rín wọn kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá dé géètì, Bàámi ń ka orí mi bíi ti àlejò.