Fáànù Tó Ń Fẹ́ Àjà

“Ooru fẹ́ pa mí o! Ẹ̀yin ará ilé yìí, ooru fẹ́ pa mí!”

Ìyá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá, ní ọ̀sán gangan. Ìyàwó ọmọ wọn, tó jẹ́ aránṣọ, ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní pálọ̀, ó pòṣé, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti gbé ìyá rẹ̀ wá sílé kí wọ́n lè tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ìyá kò lè dá dìde lórí ibùsùn.

“Ìyá, fáànù kọ́ ló ń yí lókè yín yẹn?”

“Ó ń yí. Ṣé mo ní kò yí ni? Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni kò kàn mí.”

“Ó ń kan èmi níbí! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an lẹ wá ń sọ pé kò kàn yín. Ó ti wà ní nọ́ńbà márùn-ún, kò tún síbi tí a lè yí i sí mọ́. Àbí kí n máa fi ẹnu fẹ́ yín ni?”

“Ẹnu rẹ gan-an yóò sàn jù ú lọ!”

“Ìyá fẹ́ràn àròyé jù,” ni aránṣọ wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, káfíńtà wọlé, ó kí ìyá rẹ̀, kò gbọ́ ìdáhùn. Ètè wọn ti gbẹ, ara wọn gbóná janjan, ojú wọn ń yí. Ariwo tó pa, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Wọ́n fi aṣọ tútù nu Ìyá lára, wọ́n sì sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ooru ni. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tètè gbé wọn dé.

Ọjọ́ kejì tí Ìyá padà dé, ìjà bẹ́ sílẹ̀.

“O fẹ́ pa ìyá mi fún mi!”

“Èmi? Ṣé èmi ni mo gbé oòrùn sójú ọ̀run ni?”

“Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún ọ!”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣebí wọ́n sọ fún yín, ẹ ní ara àgbà ni.”

“Ó ti tó! Ẹ̀rọ amúlétutù ni màá rà sí yàrá yẹn. Màá ta ẹ̀rọ ìfági mi.”

Aránṣọ káwọ́ lérí. “Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́? Kí la ó wá máa jẹ, atẹ́gùn tútù?”

Káfíńtà ti pe oníná àdúgbò, obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Jẹ́-n-ríran, pé kó wá so wáyà tuntun.

Jẹ́-n-ríran gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó sì gbójú sókè wo fáànù. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá lórí ibùsùn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó wá ní kí aránṣọ já òwú kan fún òun. Ó na òwú náà sábẹ́ fáànù. Orí òwú dìde, ó kọjú sí àjà.

“Ìyá ò purọ́,” ló wí. “Òkè ni fáànù yìí ń fẹ́ sí. Tí afẹ́fẹ́ bá dé àjà, á wá gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń kan ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí kì í kan ẹni tó sùn sí àárín. Ta ló yí i padà?”

Aránṣọ ń wolẹ̀.

“Èmi ni. Yàrá yìí ni mo ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé bébà tí mo fi ń gé aṣọ lọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo bá ní kí ẹni tó so fáànù yí i kó máa fẹ́ òkè. Nígbà tí mo kó ẹ̀rọ mi lọ sí pálọ̀, mo gbàgbé pátápátá.”

Jẹ́-n-ríran pa iná ilé láti ibi mítà, ó dúró títí apá fáànù fi dúró jẹ́ẹ́. Ó gun tábìlì, ó sì ti bọ́tìnnì kékeré tó wà lára ikùn fáànù sí òdì kejì. Nígbà tó tan iná padà, afẹ́fẹ́ já lu Ìyá lójú, etí gèlè wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ́lẹ́.

“Ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ,” ni káfíńtà ń ráhùn, “òun ni mo fẹ́ torí rẹ̀ ta ẹ̀rọ mi!”

“Ẹ má tíì ráhùn, ẹ̀gbọ́n. Mo gba iwájú yàrá tiyín kọjá. Fáànù ń yí fìì níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dá kankan nínú rẹ̀.”

“Mo fi í sílẹ̀ kí yàrá lè ti tutù kí n tó wọlé ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Fáànù kì í mú yàrá tutù! Ara èèyàn ló ń mú tutù, torí ó ń gbẹ òógùn. Yàrá tí kò séèyàn, iná lẹ kàn ń sun dànù níbẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ra ẹ̀rọ amúlétutù, tí fáànù bá ń fẹ́ yín dáadáa, ẹ ò ní láti yí i débi tó tutù jù, ìwọ̀nba iná ni yóò sì máa jẹ.”

Aránṣọ kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ foríjì mí.”

“Dìde níbẹ̀!” Ohùn Ìyá le koko. “Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ ohun kan náà. Ìwọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní àròyé ni. Ìwọ ọmọ tí mo pọ̀n, tí mo fi etí aṣọ mi fẹ́ lójú títí o fi sùn, o dúró sẹ́nu ọ̀nà kan náà, o ní ara àgbà ni. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, orí mi pé! Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó jókòó síbi tí mo sùn sí.”

Káfíńtà lọ jókòó sétí ibùsùn ìyá rẹ̀, ó sì dorí kodò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ dìde nísinsìnyí, kẹ́ ẹ lọ dúró sábẹ́ fáànù ilé yín. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá já lù yín lásìkò ooru, ẹ pe oníná kó yí i padà. Eruku apá rẹ̀ ń dín afẹ́fẹ́ kù, ẹ nù ún. Ṣùgbọ́n ẹ pa iná ilé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀, ẹ má sùn sábẹ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi tún un so. Bí ẹ bá ń jáde nínú yàrá, ẹ pa á. Ẹ máa fún àgbà ní omi mu déédéé, torí bí ooru bá pọ̀ jù, fáànù nìkan kò tó. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí ojú rẹ̀ ń yí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.

Kí Ọlọ́run má fi ìyá wa kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ má fi àdúrà yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹni tó wà lórí ibùsùn bá ní ooru ń mú òun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ wọlé lọ bá a, kẹ́ ẹ jókòó.