Àmín Lábẹ́ Àjàrà Pikolítì

Gbémi béèrè ta ni ọmọbìnrin tó wà láàárín wọn nínú fọ́tò tí wọ́n yà níbí kan náà lọ́dún tó kọjá, lórí fóònù Jasmine. Wọ́n gba fóònù náà yí ká. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Jasmine ló wà léjìká rẹ̀.

"Mogbọ́-moyà ni jàre," Jasmine fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó gbọ́ òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ló yà wọlé."

Ẹ̀yìnkùlé Ẹnjiníà Akínṣọlá ní Mission Bend nílẹ̀ òyìnbó ni wọ́n wà, lábẹ́ igi àjàrà funfun kan tí bàbá náà mú wá láti Ítálì, Pikolítì lorúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí èsì lọ́tìrì físà iṣẹ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí, á fún wọn ní wáìnì dídùn rẹ̀, á sì gbàdúrà. Gbémi àti Dọ̀tun, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, jọ ń retí ni. Bí ó bá bọ́ sí i fún ẹnì kan nínú wọn, wọn á ṣègbéyàwó, àwọn méjèèjì á sì dúró. Bí kò bá bọ́ sí i fún ìkankan, ó di ilé.

Òdòdó àjàrà ń já bọ́ sínú ife wọn.

"Púpọ̀ nínú wọn kì í di èso," bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ̀nba hóró tó bá ṣẹ́ kù ló ń kó gbogbo adùn." Ó gbé ife sókè. "Kí ọ̀pọ̀ já bọ́, kí ìwọ̀nba dùn!"

"Àmín!"

Ti Gbémi náà ti jáde kí etí rẹ̀ tó gbọ́ àdúrà ọ̀hún.

"Ẹ dákun sà, kí ló dé tí gbogbo wa ò lè dùn? Èyí ò dáa. Ẹ gbà á padà."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, àdúrà mi ò lè já òdòdó kan. Àmín yín ló ń já a. Ó dáa, mo gbà á padà. Màá tún àdúrà náà gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dákẹ́."

Ó tún un gbà.

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Jasmine ń wo ilẹ̀. Gbémi di ọwọ́ Dọ̀tun mú pinpin, ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀.

"Àmín," ẹnì kan wí wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Dọ̀tun!"

"Torí àwa méjèèjì ni, Gbémi mi."

Fóònù Dọ̀tun dún. Ó ka èsì lọ́tìrì rẹ̀, ó fò sókè, ayọ̀ gba ojú rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọwọ́ kan di òun mú. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú Gbémi, ó sì rọra yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò.

"Ẹ má bínú, ma," ó wí. "Ta lẹ bá wá síbí?"