Ìwé Tí Monílọ́lá Dá Ṣe

Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó já àwọn páálí ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Oǹdó, ó ní òun fẹ́ padà sí Àkúrẹ́ kí oòrùn tó mú, ó sì lọ. Àárọ̀ Sátidé ni. Ọmọ mi, Monílọ́lá, jókòó sórí páálí kan bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Àkúrẹ́ wá.

"Mọ́mì, ó ti parí," ó ní. "Ẹ bá mi ṣí i. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo fi ọ̀bẹ la páálí kan. Ìwé àjọ̀dún ìjọ wa ni, ọ̀la sì ni àjọ̀dún. Èmi kò kàwé púpọ̀, nítorí náà àwòrán ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mò ń ṣí i jẹ́jẹ́. Mo dé ibi tí wọ́n fi ìlà dúdú yí ká, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé "Àwọn Àgbà Wa Tó Ti Sùn Nínú Olúwa."

Ojú Bàbá Adélaní ni mo rí níbẹ̀. Bàbá Adélaní àdúgbò wa. Bàbá tó kí mi láàárọ̀ yẹn gan-an nígbà tó ń gbé àdá lọ sí oko kòkó rẹ̀.

Ẹ̀rù máa ń tètè bà mí, mo sì rò pé bóyá ojú mi ni. Mo tún un wò.

"Moní, bàbá yìí kò tíì kú, àbí?"

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí ibi tí wọ́n to àwọn àgbà tó wà láàyè sí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Adélaní tó kú lọ́dún tó kọjá ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọra gan-an. Orúkọ tó wà lábẹ́ fọ́tò tọ̀nà. Ojú ni Monílọ́lá gbé síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré pé kí wọ́n to ojú alààyè mọ́ ti òkú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé jáde ni Monílọ́lá kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Ojú Kejì ni wọ́n pè é. Òfin wọn ni pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, oníkálukú á sọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sherifat tó wà ní Àkúrẹ́ ni olórí wọn. Reuben náà ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó ni, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Bàbá Adélaní ni bàbá àgbà rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ gbé iṣẹ́ náà fún Monílọ́lá, mo bi í pé, "Reuben ńkọ́? Ṣé kò ní bá ọ wò ó?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Tí Reuben bá gbọ́, wọn á ní kó wá ṣe é, torí bàbá àgbà rẹ̀. Iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ mi rèé."

N kò lè dá a lẹ́bi tán. Láti ìgbà tó ti jáde, káàdì ìkómọ àti ìwé ètò ìsìnkú ló ń ṣe. Nígbà tó di Jímọ̀, tí wọ́n bi í nínú ẹgbẹ́, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé, "Kò sí nǹkan níbí o." Lẹ́yìn náà ó dojú fóònù dé orí tábìlì.

Òun rèé báyìí láàárín páálí.

"Fọ́tò náà kéré," ó ní. "Ta ni yóò wò ó fínnífínní? Ẹ jẹ́ ká kó o lọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àgbà wo ni yóò gba ìwé àjọ̀dún tí kò ní wá ojú ara rẹ̀?"

Ó gbé orí lé páálí. Ó pẹ́ kó tó mú fóònù, tó sì fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, irọ́ ni mo pa fún yín. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo dá a ṣe, kò sẹ́ni tó bá mi wò ó. Mo ti fi bàbá àgbà Reuben sáàárín àwọn òkú. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ pín ìwé náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Ó ń wo fóònù. Èmi ń wo títì. Ìgbà tó yá, Sherifat pè.

"Má jẹ́ kí ìwé kankan jáde nílé yín. Fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi, màá tẹ ewé méjèèjì yẹn tuntun, màá kó wọn bọ̀."

"Sherifat, o ṣé o..."

"Má tíì dúpẹ́. Inú ń bí mi. Wá bíléèdì àti gọ́ọ̀mù sílẹ̀."

Reuben kò pè ní tirẹ̀. A kàn rí i tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wá yíjú sí Monílọ́lá.

"Asìnkú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sin bàbá àgbà mi, ẹ ò tilẹ̀ fún mi ní ìrẹsì."

"Reuben, má bínú."

"Ṣé o rò pé màá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Ó kéré tán, o ò purọ́ lónìí." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún bíléèdì.

Sherifat dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn ewé tuntun nínú ọ̀rá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á gé ewé tí kò dára, á fi etí rẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀yìn ìwé. Ìkejì á fa gọ́ọ̀mù sí etí náà. Ìkẹta á lẹ ewé tuntun mọ́ ọn, á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo se iṣu fún wọn, ó tutù síbẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro wọ́n.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Jethro, alága ìgbìmọ̀, wá kó ìwé. Ohun tí mò ń bẹ̀rù rèé. Mo rò pé Monílọ́lá á ní ilé ìtẹ̀wé ló fà á. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Àṣìṣe tèmi ni, sà. Èyí tí a ti tún ṣe nìyí. Àwọn yòókù kò tíì parí."

Ọ̀gbẹ́ni Jethro wo ilẹ̀ tó kún fún pépà. "A ti fẹ́ fún ọ ní iṣẹ́ ìwé orin àwọn ọmọdé. Ẹlòmíràn ni yóò ṣe é báyìí." Ó kó ohun tó rí, ó lọ. Monílọ́lá kò sunkún. Mo rò pé agbára ẹkún kò sí lára rẹ̀ mọ́.

"Ó ku ká lọ sọ fún Bàbá," Reuben ní.

Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá Adélaní jókòó síwájú ilé, ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀. Monílọ́lá kúnlẹ̀, ó fi ìwé tó bàjẹ́ hàn án. Bàbá wò ó pẹ́.

"Ojú mi rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ dárí jì mí, sà."

"Ta ló bá ọ wò ó?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà."

"Èyí tó dúró lẹ́yìn rẹ yìí ńkọ́?"

"N ò sọ fún un, sà."

Bàbá ya ewé náà, ó nà án sí Reuben pé kó lọ sun ún. "Ọmọ mi," ó wí fún Monílọ́lá, "èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ máa ń rin oko wa. Ohun tí mi ò bá rí, á rí i. Láti ìgbà tó ti lọ, èmi nìkan ni mò ń rìn ín. Àrùn ti jẹ kòkó ìsàlẹ̀ odò lọ kí n tó mọ̀. Èmi kò lẹ́ni tí mo lè pè mọ́. Ìwọ lẹ́ni, o ò pè é." Ó dìde, ó lọ wẹ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀, Monílọ́lá kọ̀wé sínú ẹgbẹ́: "Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìjàrẹ̀ fẹ́ kí n ṣe ìwé ìròyìn fún wọn. Ta ni yóò bá mi wò ó?"

Reuben ló kọ́kọ́ fèsì. "Èmi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá mi ka àwọn tó wà láàyè níbẹ̀."

Monílọ́lá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, èmi náà mọ ìbẹ̀rù pé ẹni tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ lè gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ purọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ yín, ẹ má sì dá ohun tó ju ojú ẹnì kan lọ ṣe. Reuben tí Monílọ́lá fi iṣẹ́ yẹn pamọ́ fún, òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ rí àṣìṣe náà. Ojú bàbá àgbà rẹ̀ ni.