Orúkọ Mẹ́fà Lórí Ìwé Ẹ̀bẹ̀

"Ẹ kàn bá mi buwọ́ lu ibí yìí, sà. Kò ní pẹ́ rárá."

Ọ̀gbẹ́ni Orrin Haddix kò tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn àwọ̀n tó wà láàárín wọn. Ó wo Kenna Stidham láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wo Wilma Pruitt tó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìwé náà?"

"Ọ̀rọ̀ òfin ìlú ni, sà. Ẹ jẹ́ á tètè ṣe é, ilé tí a ṣì fẹ́ dé pọ̀."

"Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀. Gbé e wá kí n kà á."

"Ojú ewé mẹ́rin ni, sà. Tí gbogbo èèyàn bá ní àwọn fẹ́ kà á, a ò ní parí láéláé."

Bàbá náà yọ ṣùtì sí i. "Ogójì ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ lórí odò yìí, ìwọ ọmọ yìí. Mi ò buwọ́ lu ìwé tí mi ò kà rí. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Tí o bá tún padà wá, ajá mi ni yóò dá ọ lóhùn."

Ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

"Ajá ẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá," ni Wilma wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ṣùgbọ́n bí ẹni ń lé ẹran lo ṣe bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná."

Kenna ti ìwé náà bọ abẹ́ apá. Ilé kẹtàlá nìyẹn lọ́jọ́ náà tí wọ́n ti lé wọn bí ẹni lé adìẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Kenna, ó sì wà ní kíláàsì àṣekẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama ní Corley Landing, ìlú kékeré wa tó wà létí odò Ohio. Apá méjì ni ìlú náà pín sí. Àwọn tó rí jájẹ ń gbé Orí Òkè. Àwa yòókù ń gbé Ìsàlẹ̀ Odò. Bí yìnyín bá ti yọ́ tí odò sì kún, ìdọ̀tí inú ihò ẹ̀gbin a máa ru sókè sínú yàrá abẹ́ ilé wa. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn, ó mu dé orúnkún nínú ilé Opal, ìyá àgbà Kenna. Yàrá abẹ́ ilé yẹn gan-an ni Kenna ń sùn sí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ìwé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Orí Òkè ni gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú méjèèje ti wá, nítorí gbogbo ìlú ló ń dìbò fún àga kọ̀ọ̀kan, Orí Òkè ló sì lérò jù. Ta ni yóò gbọ́ igbe Ìsàlẹ̀ Odò? Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba nílé ìwé, Kenna ka ìwé òfin tí wọ́n fi dá ìlú náà sílẹ̀, ó sì rí i nínú rẹ̀ pé lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ yan ará ìlú mẹ́sàn-án láti gbogbo àdúgbò, kí wọ́n yẹ ìwé òfin náà wò, kí wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kí a tún ṣe. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò yan ẹnikẹ́ni.

Ó lọ bi wọ́n nípàdé. Rodger Ansley, alága ìgbìmọ̀ ìlú, yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ lo gbé wá bá wa níbí? Lọ ṣe é nílé." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ansley ló pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé bí igba olùdìbò bá buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ìgbìmọ̀ ìlú kò lè kọ̀ mọ́. Bí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà bá sì kùnà, ó di ọdún kan gbáko kí a tó lè gbé òmíràn wá. Nítorí pé Kenna kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, olùdìbò kan gbọ́dọ̀ máa bá a kiri, kó sì búra nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan pé ojú òun ni gbogbo wọn ṣe buwọ́ lù ú. Wilma, tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba ìlú, nìkan ló gbà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó kó o kúrò ní ọ́fíìsì, ó ní kó lọ máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà ìṣeré.

Àwọn ará ìlú kò fi ojú rere wo wọn. Àwọn ará Orí Òkè ní wọ́n fẹ́ da ìlú rú. Àwọn kan ní Ìsàlẹ̀ Odò pàápàá ní, "Ẹ fẹ́ kí wọ́n bínú sí wa kún èyí tí wọ́n ń bí tẹ́lẹ̀ ni?" Nílé ìwé, wọ́n sọ Kenna ní "Ìyáàfin Ihò Ẹ̀gbin". Bó bá ti wọ ilé oúnjẹ, wọn a di imú wọn mú.

Ọjọ́ ọgọ́ta bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni akọ̀wé ìlú máa ń ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí Wilma tó lọ síbi iṣẹ́, ó buwọ́ lu ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé tó wà nílẹ̀. "Àyè ṣì wà lórí èyí tó kẹ́yìn," ló wí. "Tí o bá rí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ buwọ́ lù ú, pè mí, kí n sáré wá dúró tì ọ́."

Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, Kenna jókòó sínú ọkọ̀ Brielle Tackett, ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwájú ọ́fíìsì ìlú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Igba ó dín mẹ́fà ni.

"Mẹ́fà péré," ni Brielle wí. "Kọ ọ́ jàre."

"Kọ kí ni?"

"Orúkọ mẹ́fà. Àwọn tó ní kó o padà wá lọ́jọ́ mìíràn ńkọ́? Ṣebí wọn ì bá buwọ́ lù ú náà ni."

"Àǹtí Wilma ti búra sí ìsàlẹ̀ ẹ̀."

"Ó ti parí nìyẹn. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Gbọ́, Kenna. Yálà kó o kọ orúkọ mẹ́fà, tàbí kí ìgbẹ́ tún wọ yàrá rẹ lọ́dún tó ń bọ̀, kí Ansley sì máa fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà."

Orúkọ Ansley yẹn ló bà á jẹ́. Kenna pààrọ̀ gègé, ó fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ ẹni márùn-ún tó mọ ilé wọn. Nígbà tó kan ẹnì kẹfà, ojú Orrin Haddix lẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọ̀n ló wá sí i lọ́kàn. Kì í ṣe pé orúkọ mìíràn tán. Inú tó ń bí i ló kọ ọ́. "Tó o bá fẹ́, tó o bá kọ̀, o ti buwọ́ lù ú," ló kùn sínú.

Nígbà tí agogo mẹ́rin kù díẹ̀, akọ̀wé lu òǹtẹ̀ ìlú lé e lórí.

Kenna kò rántí pé wọ́n máa ń lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ilé ìkàwé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tó bá ní àríwísí lè sọ̀rọ̀.

Nípàdé ìgbìmọ̀ ìlú tó tẹ̀lé e, kò sí àyè ìjókòó. Ansley kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Orrin Haddix fi dìde tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

"Orúkọ mi ló gbẹ̀yìn lórí ìwé yẹn," ló wí. "Mi ò buwọ́ lù ú. Mo lé wọn kúrò nílé mi ni."

Ansley gbé ojú ewé náà sókè. "Ìyáàfin Pruitt, ṣé ìwọ lo buwọ́ lu ìsàlẹ̀ ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"O búra pé ojú ẹ ni gbogbo wọn ṣe buwọ́ lù ú. Ṣé ojú ẹ ni Ọ̀gbẹ́ni Haddix ṣe buwọ́ lù ú?"

Wilma gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó wo Kenna.

"Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà fún ìbúra èké?" ni Ansley tún wí.

Brielle, tó jókòó ti Kenna, dì í lápá mú. "Dákẹ́," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Wọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́."

Kenna rí ọwọ́ Wilma tó di ìwé náà mú, ọwọ́ tí oògùn ìfọlẹ̀ ti bó. Ó já apá rẹ̀ gbà, ó dìde.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ló wí. "Orúkọ mẹ́fà tó kẹ́yìn. Àǹtí Wilma ti buwọ́ lù ú kí n tó kọ ọ́. Kò mọ̀."

Ariwo sọ. Ẹnì kan láti Orí Òkè pariwo pé, "Àwọn tó fẹ́ tún òfin ṣe nìyẹn." Ansley kò bínú rárá. Ó rọra ya ìwé náà sí méjì, bí ẹni tí ẹnì kan fún lẹ́bùn. "Ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí ti kùnà," ló wí. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Níta, Wilma dúró de Kenna. "Igba ó dín mẹ́fà èèyàn ló fi orúkọ tòótọ́ wọn lé ọ lọ́wọ́," ló wí. "O fọ́ gbogbo ẹ̀ nítorí mẹ́fà. Ká ní o pè mí, ǹ bá sáré wá. Tí a ò bá sì rí wọn, à bá gbà pé a ò rí wọn. Má dé ilé mi mọ́."

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Wilma lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí pé ó buwọ́ lu ìwé tó ṣì ní àyè òfo. Adájọ́ ní kí Kenna fi ọgọ́ta wákàtí ṣa ìdọ̀tí létí odò. Bó bá ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfèé tí wọ́n fi ń dá àwọn tó ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ̀, àwọn awakọ̀ a máa fun fèrè mọ́ ọn. "Buwọ́ lu tèmi náà," ni wọ́n máa ń pariwo. Brielle kò bá a jókòó mọ́ nílé oúnjẹ ilé ìwé. Nígbà tí òjò dídì yọ́, ìdọ̀tí ru wọ ilé mọ́kànlá ní Ìsàlẹ̀ Odò, kò sì sí ilé kan nínú wọn tí wọn kò ti dárúkọ Kenna.

Ìyá àgbà rẹ̀ kò bú u. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́n ọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní, "Àwọn mẹ́fà náà, o ti lọ bẹ̀ wọ́n?"

Ó lọ. Àwọn márùn-ún gbọ́ ọ, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ẹnì kẹfà kò ṣí ti rẹ̀ rárá, láti inú ilé ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Kí lo tún fẹ́ jí?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín, sà. Orúkọ yín ni mo jí. Inú ń bí mi sí yín lọ́jọ́ náà, mo sì fi orúkọ yín gbẹ̀san."

Haddix ṣílẹ̀kùn díẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ìdọ̀tí ń wọ ilé èmi náà? Mi ò bá ọ jà nítorí ohun tó ò ń bèèrè. Mi ò mọ ohun tó ò ń bèèrè. O ò jẹ́ kí n kà á."

Kenna fa ẹ̀dà ìwé náà yọ nínú àpò rẹ̀. Bàbá náà gbà á, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Kenna dúró lórí àtẹ̀gùn nínú òtútù. Kò ní kó wọlé. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Fi í sílẹ̀ níbí. Ìwọ, máa lọ. Mi ò tíì dárí jì ọ́."

Nígbà tí ọdún yípo, Haddix àti Wilma ló gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun jáde. Wọ́n gbé tábìlì síwájú ilé ìtajà, ẹni tó bá fẹ́ kà á, wọ́n á jẹ́ kó kà á tẹ́rùn. Kenna ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ó tò sẹ́yìn àwọn èèyàn.

"Káàdì ìdánimọ̀," ni Wilma wí, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Kenna fún un. Wilma wò ó tinú-tẹ̀yìn.

"Orúkọ tìrẹ nìkan," ló wí, kò sì mójú kúrò lára gègé náà títí Kenna fi kọ ọ́ tán.

Orúkọ ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ni wọ́n kó jọ. Ansley fúnra rẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ọ̀kan tó lè fà yọ. Lóṣù Kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú yan ará ìlú mẹ́sàn-án láti yẹ ìwé òfin wò, mẹ́rin nínú wọn wá láti Ìsàlẹ̀ Odò. Haddix wà níbẹ̀, Wilma náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan ní kí wọ́n fi Kenna kún wọn, pé òun ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà, Wilma ló dìde. "Rárá," ló wí. "Ó rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, ẹni tí èèyàn lè gbà gbọ́ ló wà fún. Kó dúró ná."

Kenna gbọ́ ọ láti ìjókòó tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n kò jáde. Gbogbo ìpàdé tí àwọn mẹ́sàn-án náà ṣe lọ́dún yẹn ló lọ, ó ń jókòó, ó ń gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ohun tí Kenna ń jà fún dára. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyà tó ń jẹ wá kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, irọ́ kékeré mẹ́fà dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ọdún kan, ó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó gbà á gbọ́, ó sì fún ọ̀tá ní ohun tó ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ tún òfin ìlú ṣe, kó kọ́kọ́ pa òfin mọ́ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Ẹ̀tọ́ tí a fi èrú gbà, ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ gbà á padà. Orúkọ ẹni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń bà á jẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kì í tán bọ̀rọ̀.